Àmì Iná Tí Mo Pè Ní Ẹ̀tẹ̀

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, kí n bá yín sọ ohun tí n kò lè bá ọkọ mi sọ. Ẹni tó bá rí mi lónìí ní Adja-Ouèrè, ìlú wa, tí mo ró aṣọ, tí mo borí, tí mò ń lọ sí ìrun Jímọ̀, yóò rò pé ọkàn mi balẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń sọ fún mi pé, "Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹjọ́ yín ti parí, ẹ ti ṣe ohun tí adájọ́ ní kí ẹ ṣe, ẹ jẹ́ kó tán nínú yín." Òótọ́ ni pé ẹjọ́ ti parí. Adájọ́ ti dá a, mo ti gbà á, wọ́n ti kà á sétí gbogbo ọjà, èmi náà wà ní ìdúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí adájọ́ bi mí lọ́jọ́ náà, irọ́ ni mo fi dá a lóhùn, irọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọdún ń gorí ọdún, ìjọba kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀, títí a fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun tó ní àwọn fẹ́ yí gbogbo nǹkan padà nílẹ̀ wa, irọ́ tèmi kò kúrò níbi tó wà. Bí mo bá kírun tán, tí mo tẹ́wọ́ láti tọrọ àforíjì, ojú ọkùnrin kan ló máa ń wá síwájú mi. Kí ni ènìyàn ń ṣe sí irú èyí?

Àjàṣẹ́, olú-ìlú wa, ni mo ti kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì, lọ́dọ̀ ìyá Àgùdà kan tó ń ṣe é fún àwọn òyìnbó. Nígbà tí àwọn Faransé fún wa ní òmìnira, tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dàhòmè, ọkọ mi, Bàbá Ràfíù, tó jẹ́ aránṣọ, ní kí a padà sílé. Ó wá ẹni tó mọ ààrò alámọ̀ kọ́, wọ́n sì kọ́ ọ fún mi sẹ́yìnkùlé. Láyé ìgbà náà, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ni ará ilé wa fi ń jí. Àwọn àgbà ní oúnjẹ òyìnbó ni búrẹ́dì, pé kì í yó ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọdé ò mọ oúnjẹ òyìnbó yàtọ̀. Bó bá ti tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó di kó máa sunkún rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń wá rà á lọ́pọ̀ lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ń rù ú lọ sí ọjà Ikpinlè àti àwọn abúlé tó yí wa ká. Bí mo ṣe di Ìyá oníbúrẹ́dì nìyẹn. Orúkọ náà dùn mọ́ mi, n kò níí tan yín. Mo fẹ́ràn kí n máa kọjá lọ kí ènìyàn máa kí mi lọ́tùn-ún lósì. Ìgbéraga yẹn ni ìyá ohun tí mo ṣe.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára mi lọ ni mo gba Ògúndélé. Ọmọ Tatonnonkon ni, abúlé kan nítòsí wa, láti ilé àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ Ògún. Àwa ní tiwa, Mùsùlùmí ni wá, àmọ́ ìyẹn kò dá nǹkan kan sílẹ̀ láàrin wa. Ọjọ́ tó wá, ó ní, "Ìyá, n kò mọ iṣẹ́ yìí o, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi hàn mí lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò níí fi hàn mí lẹ́ẹ̀mejì." Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Láàrin oṣù díẹ̀, ó ti mọ ìyẹ̀fun pò jù mí lọ. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbóòórùn rẹ̀, tí yóò sọ pé ó ti wú tó, tàbí pé ẹ jẹ́ ká ṣì fi í sílẹ̀ díẹ̀. Kì í mutí wá síbi iṣẹ́, kì í pẹ́ dé, kì í sì í bá oníbàárà jà. Lẹ́yìn ọdún kan ó fẹ́ Ìdòwú, ọmọ abúlé Oko-Akarè, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan. Èmi yìí ni mo gbé ọmọ náà jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọdún mẹ́rin ló fi bá mi ṣiṣẹ́, n kò sì rí ọjọ́ kan tí mo lè sọ pé ó já mi kulẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Nígbà tí Ògúndélé kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ mi, tí kò tíì gbéyàwó, tó ń gbé nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ààrò, ìlẹ̀kùn irin ẹnu ààrò yọ lórí ìkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì ṣubú lé e lápá òsì. Irin náà ti gbóná débi tó ń pọ́n. Ó ké lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì pa eyín pọ̀, ó mú un mọ́ra. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá Ràfíù wà ní Kétu lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbogbo oṣù yẹn. Èmi ni mo da omi tútù sí i lápá, èmi ni mo sáré lọ mú àdín wá, tí mo ń fi ìyẹ́ adìẹ rọra pa á sí ojú egbò náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó jiná, ṣùgbọ́n ó fi àmì sílẹ̀, ibì kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó funfun, tó ń dán, tí irun kò hù sí mọ́. Mo mọ àmì yẹn bí mo ṣe mọ àmì ara ọmọ tí mo bí. Kò sí ọjọ́ kan tí ojú mi bọ́ sí i tí n kò mọ ohun tó fà á.

Ohun tó dá wa sílẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà òjò. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ bàjẹ́, ọkọ̀ tó ń gbé ìyẹ̀fun wá kò rí ibi kọjá. Àpò díẹ̀ ló kù fún mi, òrùlé sì ti jò sí wọn. Nígbà tí mo tú wọn, ìyẹ̀fun náà ti dì, ó ti bu, ó ń rùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni sùpírẹ́fẹ̀, ọ̀gá tó ń ṣojú ìjọba lágbègbè wa, fẹ́ wá bẹ ilé-ìwé wò, Dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá ilé-ìwé náà, sì ti ní èmi ni kí n ṣe búrẹ́dì tí wọn yóò pín fún àwọn ọmọ. Iyì ńlá ni lójú mi. Mo rò ó pé bí mo bá sẹ́ ìyẹ̀fun náà, tí mo ṣa èyí tó dì kúrò, tí mo sì fi ṣúgà bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Mo ní kí Ògúndélé pò ó. Ó fọwọ́ bù ú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dà á padà sínú àpò.

Ó ní, "Ìyá, èyí ti bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká dà á nù."

Mo ní kó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe.

Ó ní, "Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bínú sí mi, ṣùgbọ́n ọmọdé ló máa jẹ ẹ́. N kò lè fọwọ́ mi pò ó."

Bóyá ká ní àwa méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀, ǹ bá gbọ́ sí i lẹ́nu. Àṣé Dìrẹ́tọ̀ ti wọ ẹ̀yìnkùlé wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ó sì ti dúró lẹ́yìn wa, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó wo inú àpò, ó wo ojú mi, ó wá rọra ní, "Kò burú, Ìyá. A óò wá nǹkan mìíràn fún àwọn ọmọ." Ó kí wa, ó sì lọ. Ojú tì mí, mo sì sọ ìtìjú náà di ìbínú. Mo ní kí Ògúndélé kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Ó rò pé ìbínú náà yóò rọlẹ̀; ó padà wá ní ọjọ́ kejì bí ìṣe rẹ̀, mo ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, n kò sọ fún un tẹ́lẹ̀, n kò fún un láyè kó wá ibòmíràn lọ, n kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ì bá ṣì sàn.

Ìlú kékeré ni tiwa. Òṣìṣẹ́ kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí àwọn aládùúgbò má wádìí ohun tó lé e. Àfúsátù aláṣọ, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí ilé wa, ló kọ́kọ́ bi mí. Ó ní, "Ìyá Ràfíù, n kò rí Ògúndélé mọ́. Ṣé kò sí nǹkan?" Kí ni kí n sọ? Kí n ní ó kọ̀ láti fi ìyẹ̀fun bíbàjẹ́ ṣe búrẹ́dì fún ọmọ yín ni mo ṣe lé e? Mo ń wá ohun tí mo lè sọ, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Ṣé o kò rí ibi tó funfun lápá rẹ̀ ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà nídìí oúnjẹ." N kò pe orúkọ àrùn kankan. Àfúsátù ló pè é. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀tẹ̀ ni?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo mi orí.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ibi kànga, ó dé ọjà, ó sì ti dé Tatonnonkon kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Bó ṣe ń rìn ló ń sanra. Wọ́n ní ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń já, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Wọ́n ní àánú rẹ̀ ló ṣe mí tí mo fi gbà á mọ́ra láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n ń yìn mí, èmi náà sì ń gba ìyìn náà. Ọkọ mi pè mí wọ yàrá, ó ní, "Ṣé òótọ́ ni ohun tí mò ń gbọ́ nípa Ògúndélé? Ọmọ tó ń bá wa jẹun?" Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o kò mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, tó jẹ́ ọjà lo mú un lọ?"

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ògúndélé fúnra rẹ̀ wá. Ọ̀sán gangan ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi bó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ìyá, n kò wá gba iṣẹ́ padà. Mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ òtítọ́ fún wọn ni. Àwọn àna mi ti wá mú Ìdòwú àti ọmọ lọ." Àwọn obìnrin mẹ́ta ló jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń dúró de búrẹ́dì. Bí wọ́n ṣe rí i ni wọ́n sún àpótí wọn sẹ́yìn, tí wọ́n wá ń wò mí láti mọ ohun tí mo máa sọ. Mo ní, "Ògúndélé, lọ tọ́jú ara rẹ. Kì í ṣe èmi ni mo fi í ṣe ọ́." Ó dìde, ó gbọn eruku orókún rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó ṣi ilé yà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́ mi, mo rí ojú rẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, mo sì ṣe é.

Ó rí iṣẹ́ sí oko ọ̀pẹ ńlá kan lọ́nà Pobè. Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì débẹ̀. Àmọ́ àṣà wọn níbẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tí ènìyàn ti bá ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé wọn dé ọ̀dọ̀ mi, èmi tí n kò mọ̀wé, mo mú un lọ bá akọ̀wé tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, tó ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà ní èdè Faransé. Ó kà á fún mi. Wọ́n ń béèrè bóyá Ògúndélé jẹ́ ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọlọ́run ló ṣí ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún mi. Àfúsátù kò sí níbẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta kò sí níbẹ̀, kò sẹ́ni tí mo ní láti ṣe ojú ayé fún. Ǹ bá ní kó kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ rere ni, kí ó máa bá ayé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo ronú pé bó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àwọn ènìyàn yóò mọ̀ pé mo purọ́. Irọ́ kan kì í dá wà, yóò bí òmíràn ni. Mo ní kó kọ ọ́ pé nítorí ẹ̀tẹ̀ ni mo ṣe lé e, kí wọ́n ṣọ́ra. Akọ̀wé gbé kálàmù sókè, ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú, Ìyá? Ohun tí ènìyàn bá sọ, ó lè ní òun kò sọ ọ́. Èyí tí a bá kọ kò rí bẹ́ẹ̀." Mo ní kó kọ ọ́. Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí ìwé náà dé oko ọ̀pẹ ni wọ́n ní kí Ògúndélé máa lọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé búrẹ́dì Àfúsátù fún un bí mo ti máa ń ṣe, kò gbà á. Ó kọ́kọ́ ní inú ń run òun. Nígbà tí mo rọ̀ ọ́, ó ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ má bínú. Ọdún mẹ́rin tí ọkùnrin yẹn fi ń fọwọ́ pò ó, ṣé kì í ṣe àwa náà la jẹ ẹ́?" N kò ronú débẹ̀ rí. Ìbéèrè kan náà ti wà lẹ́nu gbogbo ìyá ọmọ nílùú. Àwọn tó ń rà á lọ sí Ikpinlè kò wá mọ́. Àwọn òbí ń bọ́ aṣọ lára ọmọ wọn láti yẹ̀ wọ́n wò lójú oòrùn, bí wọ́n bá rí lápálápá, wọ́n á ní búrẹ́dì mi ni. Mo ń jókòó síwájú agbọ̀n búrẹ́dì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àwọn tó máa ń kí mi lọ́tùn-ún lósì wá ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Ohun tó lè gbà mí sílẹ̀ kò ju kí n sọ pé irọ́ ni mo pa. N kò lè sọ ọ́.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Ògúndélé kò jókòó. Ẹnì kan lára àwọn akọ̀wé oko ọ̀pẹ náà, tí àánú rẹ̀ ṣe, ti sọ ohun tó wà nínú ìwé mi fún un, ó sì ní òfin wà fún irú rẹ̀. Ó lọ sí ilé ìwòsàn ní Pobè. Dókítà dì í lójú, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún ibi àmì náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ káàkiri, ó ní kó máa sọ ìgbà tó bá mọ̀ ọ́n lára. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé àpá iná ni, pé ọkùnrin náà kò ní ẹ̀tẹ̀, kò sì ní in rí. Ó tún sọ fún un, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ nígbà tó yá, pé ẹni tó ní i gan-an, ènìyàn ni, òògùn rẹ̀ sì wà, kò yẹ kí wọ́n máa lé e kiri. Ó mú ìwé náà lọ sí Àjàṣẹ́, sọ́dọ̀ ọ̀gá tí ìjọba yàn láti máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́.

Jàǹdáàmù kan, ọlọ́pàá ìjọba, ló gbé ìwé ìpè wá fún mi, ó dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró síwájú ilé wa níṣojú gbogbo àdúgbò. Nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́, ọ̀gá náà kò bú mi. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ méjì ló wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé mo lé òṣìṣẹ́ bí ẹni lé adìẹ. Ó ní òfin kò sọ pé kí ọ̀gá má lé òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, ó sì ní ìdí tó gbọ́dọ̀ wà fún un. "Èyí," ó ní, "a lè parí rẹ̀ lọ́dọ̀ mi níbí." Ó wá gbé ìwé tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ sókè. Ó ní, "Èyí ni n kò lè bá yín parí. Ẹ ti ba orúkọ ènìyàn jẹ́, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́. Iwájú adájọ́ nìyẹn ń lọ."

Ọjọ́ ẹjọ́, akọ̀wé tó bá mi kọ ìwé tẹ̀lé mi, nítorí wọ́n pe òun náà. Níta, kí a tó wọlé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀bi kò ní ṣàì wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ̀ pé irọ́ ni, tí ẹ sì sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n lè wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àṣìṣe ni, ìyẹn fúyẹ́." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Nígbà tó kan Ògúndélé láti sọ̀rọ̀, kò pariwo, kò sì bú mi. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na apá náà jáde, ó ní, "Ìlẹ̀kùn ààrò Ìyá ló jó mi. Ìyá fúnra wọn ló fi àdín pa á fún mi títí ó fi jiná. Kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹ bi Ìyá." Adájọ́ kọjú sí mi. Ògbufọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó ní, "Adájọ́ ń béèrè: ṣé o rántí ọjọ́ tí iná jó ọkùnrin yìí?"

Ògúndélé ń wò mí. Kì í ṣe pẹ̀lú ìkórìíra. Ó ń wò mí bí ẹni tó mọ ohun tí mo máa sọ, tó sì dá a lójú pé n kò lè sọ ohun mìíràn.

Mo ní, "N kò rántí."

Apá rẹ̀ ṣì wà ní nínà fún ìgbà díẹ̀, kó tó ká aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ padà.

Adájọ́ dá mi lẹ́bi. Ó ní mo ṣàìbìkítà, mo gbé ohun tí n kò mọ̀ dájú kiri, ẹni tó bá sì lé òṣìṣẹ́ kò ní àṣẹ láti fi ẹnu lé iyì rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ó ní kí n san owó ẹ̀tọ́ rẹ̀ àti owó ìbànújẹ́ rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì ka ìdájọ́ náà lọ́jọ́ ọjà ní Adja-Ouèrè. A ta ẹ̀rọ ìránṣọ ọkọ mi kan láti fi san án. Ọjọ́ ọjà, olórí ìlú kà á, èmi sì tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ènìyàn, mo ní, "Àṣìṣe ni, n kò mọ̀." Àwọn kan sunkún. Àfúsátù dì mọ́ mi. Òun náà gbà pé àṣìṣe ni, gbogbo ìlú gbà bẹ́ẹ̀, títí di òní. Mo fi irọ́ tọrọ àforíjì irọ́.

Ẹ ó ní ṣebí orúkọ rẹ̀ ti mọ́. Lórí ìwé ni. Ẹni tí ọjà bá ti sá fún rí, bí wọ́n tilẹ̀ ka ìwé ọgọ́rùn-ún, ọwọ́ wọn á ṣì máa lọ́ra láti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹjọ́ tó parí, bàbá Ìdòwú ti fi í fún ọkọ mìíràn ní Oko-Akarè. Ògúndélé lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdájọ́, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ó sọdá sí Nàìjíríà, níhà Ìlaró, kò sì padà wá gbé níbí mọ́. Èmi wó ààrò mi. Gààrí ni mò ń tà báyìí.

Láìpẹ́ yìí, mo ronú títí, mo sì pinnu pé n kò lè gbé e kú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo gba ọ̀nà oko lọ sí Tatonnonkon, mo béèrè ilé ìyá rẹ̀. Ìyá arúgbó kan ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ó ń yan àgbàdo. Mo ní èmi ni oníbúrẹ́dì. Ó wò mí dáadáa, ó gbé àpótí fún mi, ó bu omi wá. Kí n tó la ẹnu, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó pẹ́ tí mo ti ń retí yín. Inú mi kò dùn sí yín tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ògúndélé tó lọ, ó ní kí n má bínú sí yín mọ́. Ó ní ẹ gbàgbé ni. Ó ní ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tọ́jú egbò òun bí ọmọ, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èyí ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú níbi tó wà. Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀."

Mo mu omi náà. Mo dúpẹ́. Mo dìde, mo sì padà sílé láìsọ ohun tí mo lọ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ lábẹ́ yín, bó bá di dandan kí ẹ̀yin àti ẹnì kan pínyà, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀, ẹ fún un ní ohun tó tọ́ sí i, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín, ẹ ní a ti pínyà, kó tán síbẹ̀. Ìyókù kì í ṣe tiyín láti sọ. Èmi ti kọ́ ọ, ó sì ti pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí èyí tó kù. Ọmọ mi kan tí mo fi ọ̀rọ̀ náà wá lẹ́nu wò bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ní kí onítọ̀hún panu mọ́, pé kò sẹ́ni tí òtítọ́ náà máa ṣe láǹfààní mọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá padà lọ sọ fún ìyá yẹn pé n kò gbàgbé, ohun kan ṣoṣo tó kù tí ọmọ rẹ̀ fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni mo máa gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí n kò bá sì sọ ọ́, àánú tí wọ́n ń ṣe mí kò tọ́ sí mi, mo sì ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ṣé nítorí tiwọn ni mo fi fẹ́ sọ ọ́, àbí nítorí kí èmi lè ní ìsinmi? N kò mọ̀ mọ́. Ìyá náà ti darúgbó gan-an. Bí ẹ bá ní kí n lọ, ẹ tètè sọ fún mi.